Ìwòyè-Kétu: Ilẹ̀ àti Ohun Ìní

Ìwòyè-Kétu, ìlú àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lójú ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ọdún 1889 ló pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Ó dunni pé ẹbí kan náà di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Ní ti àṣà ìbílẹ̀ ìlú yìí, ẹbí ló ni ilẹ̀. Àlejò lè gba oko dá, kó gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu, ṣùgbọ́n kì í gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀, bí ọsàn tàbí kajú, láìgbàṣẹ: ẹni tó gbin igi ló nigi, ọ̀rọ̀ ogún sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Síbẹ̀, olórí ẹbí làgbẹ̀ ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ.