Ta Ló Ń Ṣí Ọ̀nà? Ìbẹ̀fun àti Àwọn Ọ̀nà Ọ̀sà Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni a lè fi to ìtàn ọ̀nà ní èdè Yorùbá. A máa ń la ọ̀nà, a máa ń yẹnà, a sì máa ń dí ọ̀nà tàbí kí a ṣí i. Ẹni tó la ọ̀nà lè ti kú tipẹ́. Àwọn tí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ oko wọn kọjá ló ń yẹnà. Ẹni tó bá ní àṣẹ ló ń dí ọ̀nà tó sì ń ṣí i. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn amúnisìn, ṣíṣí ọ̀nà ni wọ́n fi ṣàlàyé ogun tí wọ́n gbé ja Ìjẹ̀bú ní 1892. Àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti gúúsù Ìjẹ̀bú, níbi tí Ìbẹ̀fun wà. Èrò wa ni pé òwò ti ń gba ojú ọ̀nà wọ̀nyí kọjá tipẹ́ kí ogun náà tó dé. Ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú ni àṣẹ láti sọ ẹni tí yóò kọjá àti iye tí yóò san.

Ìbẹ̀fun wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdogbolú, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtòìkín, níbi tó ti pàdé ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ nítòsí ọ̀sà. Ọ̀nà kejì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, èyí tó gba Ìmàgbọn àti Mọ̀jọ̀dá dé Ẹ̀pẹ́. Láàárín Ìtòìkín àti Ẹ̀pẹ́ ni Ẹ̀jìnrìn wà, ìlú etí omi tí ọjà rẹ̀ lókìkí gan-an ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ń ṣe: wọ́n so ìlú Awùjalẹ̀ mọ́ ọ̀sà.

Ìṣọ́ ẹnubodè kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Yàrà àti odi tí a mọ̀ sí Eredò Súngbọ́ ṣì wà títí di òní, ó sì gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Bí yàrà bá yí ilẹ̀ ká báyìí, ojú ibi tí èèyàn lè gbà wọlé kò ní pọ̀. Ibi tí a sì ti mọ ojú ọ̀nà ni a ti lè mọ àlejò.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí ọ̀nà ọ̀sà ni ọrọ̀ Ìjẹ̀bú dúró lé. Epo pupa, èkùrọ́ àti aṣọ ń ti òkè wá. Iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti ọ̀sà lọ. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ló dúró láàárín. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Pàm̀pá ló ń ṣe àkóso òwò, àwọn oníbodè sì ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà. Kò yẹ kí a fi oyin la ẹnu nípa ètò yìí. Wọ́n kó ẹrú gba ojú ọ̀nà wọ̀nyí kọjá, owó ibodè sì wúwo lọ́rùn àwọn ará òkè. Nígbà tí Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá Ìbàdàn nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, dídí ọ̀nà di ohun ìjà.

Ní oṣù Èbìbí 1891, Denton, adelé gómìnà Èkó, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà. Wọn kò gbà fún un. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú bá Gómìnà Gilbert Carter ṣe àdéhùn ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, pé ìjọba Èkó yóò sì máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dún fún Awùjalẹ̀ dípò owó ibodè. Owó gbà-máà-bínú yìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún èrò wa. A kì í pàdánù owó ibodè lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Láìpẹ́, ìjọba Èkó fẹ̀sùn kan Ìjẹ̀bú pé wọ́n dá ajíyìnrere kan padà, wọ́n sì gbé ogun dìde. Àwọn ọmọ ogun Colonel Scott gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà Mọ̀jọ̀dá gòkè. Ní ọjọ́ 19 oṣù Èbìbí, wọ́n fi ìbọn Maxim borí Ìjẹ̀bú létí odò Yemọjí, ní àdúgbò Ìmàgbọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣí ọ̀nà kò jẹ́ kí òwò pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1896, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ló gbà, kò dé Ìjẹ̀bú. Ọjà Ẹ̀jìnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà ńlá Ṣágámù sí Benin ní àwọn ọdún 1970, ó tún fa ọkọ̀ kúrò ní apá ọ̀sà.

Ààlà náà tún dá sí i. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú nínú rẹ̀. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 pẹ̀lú Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbẹ̀fun. Bí ọ̀nà tó wà lábẹ́ àṣẹ Awùjalẹ̀ kan ṣe bọ́ sábẹ́ ìjọba méjì nìyẹn. Ìjọba tó ń tún apá òkè ṣe kò láṣẹ lórí apá ìsàlẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Ògùn tún ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ṣíṣí, ni a tún gbọ́, ní ojú ọ̀nà tí Scott gbà ní àádóje ọdún ṣáájú.

Àwa olùwádìí ti kọ púpọ̀ nípa àwọn tó ń ṣí ọ̀nà tí wọ́n sì ń dí i. Àwọn tó ń yẹnà ni a kò tíì kọ nípa wọn tó. Ní Ìbẹ̀fun àti àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ìtòìkín, ó yẹ kí a lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé agboolé wo ló ń yẹ apá ọ̀nà wo, kí ni orúkọ ibi tí oníbodè ń dúró sí, ìgbà wo sì ni katakata kọ́kọ́ dé. Bí a bá dúró de àkọsílẹ̀ ìjọba nìkan, 1892 ni ìtàn ọ̀nà yìí yóò máa ti bẹ̀rẹ̀ lójú wa.