Native library

Àkójọ iṣẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn lè yá lò ni, tí wọ́n ti sọ di èdè ẹ̀rọ fún irú kọ̀ǹpútà kan pàtó: .so lórí Linux, .dll lórí Windows. Nínú Hadoop, níbi tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń pín iṣẹ́ kan ṣe, àìrí irú àkójọ yìí gbé wọlé ló máa ń fa àṣìṣe Java tí ń jẹ́ UnsatisfiedLinkError. Iṣẹ́ á yọrí lórí ẹ̀rọ tí a jókòó tì, á sì kọ́sẹ̀ lórí òmíràn tí fáìlì náà kò sí, tàbí tó jẹ́ irú kọ̀ǹpútà ARM nígbà tí wọ́n ṣe fáìlì fún irú x86. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dá kóòdù lẹ́bi. Ẹ tẹ hadoop checknative -a lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Á sọ bóyá libhadoop.so, native library ti Hadoop fúnra rẹ̀, wọlé, àti ibi tó ti rí i. Bí kò bá wọlé, ẹ yẹ java.library.path wò, ìyẹn àwọn ibi tí Java ti ń wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀.