Èédú

Bí ìyá kan ní Ilemona, nítòsí Ọ̀fà, bá ní kí ọmọ lọ bu èédú sínú àdògán, ọmọ náà kò jẹ́ bu eérú wá. Kẹ́mísírì ló ń ṣe yẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Igi tí a dáná sí, tí a sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé, omi àti gáàsì inú rẹ̀ ló ń bá èéfín lọ. Kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni èédú. Bó bá wá jó tán nínú àdògán, kábọ́ọ̀nù ti bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ku eérú.

Ṣé kí a kúkú máa pe kábọ́ọ̀nù ní èédú ní èdè Yorùbá? Ó wù mí, àmọ́ kò bọ́ sí i. Kábọ́ọ̀nù wà nínú ṣúgà àti nínú ẹran ara wa, òun náà sì ni dáyámọ́ńdì. Ta ni yóò pe òrùka ìyàwó ní èédú?

Fífi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tuntun: láti ọdún 1970 ni ètò Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ọdún mẹ́fà gbáko. Ká ní èmi ni olùkọ́, èédú ni mo máa kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì.