Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Ó Ń Tọ́ka sí Ipò: Ìtàn Rẹ̀ Nínú Gírámà àti Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ní Ìlobù, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá ni "Òjó lọ", àti pé ti ìsinsìnyí ni "Òjó mọ̀ ọ́n". Kò sí wúnrẹ̀n àsìkò kankan nínú gbólóhùn méjèèjì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yà wọ́n: ohun tí ènìyàn ṣe ni "lọ" ń sọ, ipò tí ó wà ni "mọ̀" ń sọ. Ìyàtọ̀ yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi gba "I am going" tí kò sì gba "I am knowing".

Ó pẹ́ kí ìwé tó fi ojú Yorùbá wo ọ̀rọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni Samuel Ajayi Crowther fi kọ gírámà rẹ̀ ti 1852. Òun náà ni T. J. Bowen fi kọ tirẹ̀ ní 1858. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni "tall", ó nílò "is" kí ó tó di gbólóhùn, nígbà tí "ga" ń dá dúró nínú "Igi náà ga". Ní 1957, Zeno Vendler pín ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin, ipò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ayọ̀ Bámgbóṣé (1966) àti Ọládélé Awóbùlúyì (1978) ka irú "ga" sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Orúkọ náà gan-an sì ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí igi tí ó ga kò ṣe nǹkan kan.

Nínú kíláàsì, èdè abínibí ni wọ́n sábà máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù. Ẹ̀bi rẹ̀ ni "I am hearing you" lóòótọ́, nítorí Yorùbá gba "Mo ń gbọ́". Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ pé "Mo ń ní mọ́tò"? "Mo ní mọ́tò" ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ọmọ tí ó kọ "I am having a car" kò tẹ̀ lé Yorùbá rárá. Àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ àwítúnwí "-ing" tí olùkọ́ fi kọ́ ọ ni ó ṣì í lọ́nà.

"Ń" nìkan kò tó fi dán ọ̀rọ̀ wò. "Igi náà ń ga" tọ̀nà, àmọ́ dídàgbà igi ni ó ń sọ, kì í ṣe ipò rẹ̀. Ó sàn kí olùkọ́ yọ "ń" kúrò, kí ó sì bi ọmọ léèrè bóyá gbólóhùn tí ó kù jẹ́ ti àná tàbí ti ìsinsìnyí. "Mọ̀", "ní", "fẹ́ràn" àti "ga" yóò yege. "Gbọ́" kò ní yege, torí pé "Mo gbọ́" lè jẹ́ ti àná, ó sì lè jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ó yẹ kí a dá a kọ́ lọ́tọ̀.