Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó

Bí abẹ́rẹ́ ti wulẹ̀ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí láti kìlọ̀ pé kí a má fojú di ẹni kékeré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo adìẹ dáadáa: ó ń gbé àgbàdo mì, ó ń gbé ìdin mì, kódà ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ kí iwe rẹ̀ lè rí ohun fi lọ oúnjẹ. Òkúta sanra ju abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun gbà á. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rọ abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́ di ewu. Adìẹ tó bá ń fi títóbi nìkan mọ ohun tó léwu, ikú ló ń wá.

Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ṣí ìdérí modem oní-rédíò. Mi ò sọ irú èyí tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Àwọn ilé iṣẹ́ omi, ti epo rọ̀bì àti ti iná mànàmáná ló ń lo èyí. Ọ̀kan á wà lórí òkè nídìí táǹkì, èkejì á wà létí odò nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bí táǹkì bá kún, rédíò ló máa gbé ìròyìn náà lọ, ẹ̀rọ omi á sì dákẹ́. Kò sí wáyà láàárín wọn. Lára àpótí modem yìí ni ìlà àwọn swíìṣì kéékèèké kan máa ń wà, mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Ìka kò ṣeé fi tì wọ́n. Ẹnu súkúdíráfà tín-ín-rín la ń lò. Ẹ má fi pẹ́ńsù tì wọ́n o, nítorí ẹ̀tù dúdú inú pẹ́ńsù máa ń gbé iná, bó bá sì já sínú swíìṣì, ó lè so ohun tí kò yẹ kó so pọ̀.

Ipò méjì péré ni swíìṣì kọ̀ọ̀kan ní, ON tàbí OFF. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ papọ̀ á wá bí ọ̀nà 256. Iye yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀, ìdí nìyẹn tí Odù Ifá fi jẹ́ 256. Bí ojú kan ṣoṣo bá yí padà, Odù mìíràn ló jáde, ẹsẹ mìíràn sì ni babaláwo yóò kì. Ìṣirò kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iye swíìṣì ń lọ ní ìlọ́po méjì: 1, 2, 4, 8, títí dé 128. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa jẹ́ nọ́ńbà 37 yóò ti ìkíní, ìkẹta àti ìkẹfà sí ON, torí 1, 4 àti 32 ló pé 37. Nínú Modbus, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ Modicon ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1979, nọ́ńbà 1 sí 247 la ń pín fún ẹ̀rọ. 0 jẹ́ ìpè sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ méjì bá wá ń jẹ́ 37, wọn á jọ dáhùn, ẹni tó pè wọ́n kò sì ní gbọ́ ti ìkankan.

Swíìṣì mìíràn ń so ìdènà iná 120 ohm mọ́ okùn RS-485 tó so àwọn ẹ̀rọ pọ̀. Ìpẹ̀kun okùn méjèèjì nìkan la ti ń tì í sí ON. Òmíràn ń yan bí ọ̀rọ̀ ṣe máa yára tó. Bí modem bá ń retí àmì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn sì ń sọ 19200, iná á máa ṣẹ́jú lára modem, rédíò á máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ìsọkúsọ ni yóò máa dé òdìkejì. Ibí yìí ló ti ń le fún oníṣẹ́ tuntun. Kò rí èéfín, kò gbóòórùn ohun tó jóná. Á gun òpó lọ wo àǹtẹ́nà, á pààrọ̀ wáyà, kò ní wo ibi tí àìsàn wà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ modem kì í ka swíìṣì wọn àfi ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú wọn. Òṣìṣẹ́ á ti ọ̀kan, kò ní rí ìyàtọ̀; á ti òmíràn, bákan náà ni; á pa ìdérí dé, á lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iná á lọ, iná á dé, modem á wá ka gbogbo ohun tó tì. Táǹkì àti ẹ̀rọ omi kò ní gbọ́ra mọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí pé ọwọ́ kan dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kan swíìṣì, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán bí ẹ ṣe bá a. Ẹ kọ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Ẹni tó máa ṣí àpótí náà lẹ́yìn yín lè má mọ̀ yín rí.