Bátànì Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà: Láti Orí Wíwá Ọ̀rọ̀ Dé Orí Títo Àsìkò

Ìfáàrà

Nínú àkọsílẹ̀ àwọn wọ́ọ̀dù ìdìbò tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Sókótó, orúkọ Gagi fara hàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta: Gagi A, Gagi B àti Gagi C. Bí a bá ní kí akọ̀wé kan yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti inú ìwé ńlá, yóò fi ìka tẹ̀lé ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì máa ṣà wọ́n. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bátànì ni a ní láti fún un. A ó kọ Gagi, a ó fi àlàfo kan sí i, a ó sì kó lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àkámọ́ onígun, báyìí: Gagi [ABC]. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀kan nínú lẹ́tà wọ̀nyí, èyíówù kí ó jẹ́, lè jókòó sí àyè tí ó gbẹ̀yìn. Ìlà kan ṣoṣo ti dúró fún orúkọ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà bátànì kò ṣàjèjì sí wa. A ti ń lò ó tipẹ́ nínú ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì àti lítíréṣọ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà, láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọgbọ́n wíwá ọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí ó kan bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ìtàn náà kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí bátànì tí kò ṣìnà ní Gagi lè ṣìnà pátápátá bí ó bá dé Ọ̀fà.

Orísun Bátànì

Ní 1943, Warren McCulloch àti Walter Pitts gbé àlàyé oníṣirò kan jáde nípa bí iṣan ọpọlọ ṣe lè máa ṣiṣẹ́. Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ó wádìí irú ìtòtẹ̀léra àmì tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè dá mọ̀, ó kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ ní 1951, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1956. Ó fi hàn pé ọgbọ́n mẹ́ta péré ti tó: kí nǹkan kan tẹ̀lé òmíràn, kí a mú ọ̀kan nínú méjì, àti kí a tún nǹkan sọ iye ìgbà tí ó bá wù wá. Àmì ìràwọ̀ tí a fi ń sàmì sí àtúnsọ yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọdún 1956 kan náà ni Noam Chomsky jiyàn pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàpèjúwe gbogbo gbólóhùn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ni pé bátànì Kleene dára fún wíwá ọ̀rọ̀, kò sì tó láti fi tú gíráámà.

Ìṣirò lásán ni títí di 1968, nígbà tí Ken Thompson ti ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs tẹ àlàyé jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi bátànì Kleene wá ọ̀rọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ̀ jù lọ ni ti 1973. Lee McMahon, ẹni tí òun àti Thompson jọ ń ṣiṣẹ́, fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ èwo nínú àwọn àròkọ 85 tí a mọ̀ sí Federalist Papers. Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay ni wọ́n kọ wọ́n ní 1787 àti 1788, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo, Publius, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bojú. Àyọkà náà pọ̀ ju ohun tí ed, ètò ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò nígbà náà, lè gbà lẹ́ẹ̀kan lọ. Thompson bá yọ apá tí ń wá bátànì kúrò nínú ed, ó sọ ọ́ di ètò tí ó dá dúró láàárín òru kan, ó sì pè é ní grep. Orúkọ yìí wá láti inú àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ed, g/re/p: wá a káàkiri, èyí tí ó bá bá bátànì mu, tẹ̀ ẹ́ síta. Ìbéèrè nípa ọ̀nà-ìkọ̀wé, irú èyí tí a máa ń bi ara wa nípa ewì tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín, ni ó bí ohun èlò tí àwọn olùkọ ètò káyé ń lò lónìí.

Larry Wall náà, ẹni tí ó gbé èdè Perl jáde ní 1987, tí ó sì sọ bátànì di egungun ẹ̀yìn èdè náà, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni ó kọ́. Òun àti aya rẹ̀ ti ń gbèrò láti wá èdè kan tí a kò tíì kọ sílẹ̀, bóyá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n ṣe àkọtọ́ fún un. Àìlera ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ibi tí Bátànì ti Kọsẹ̀

Nígbà tí Thompson ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 128 péré ni ìlànà ASCII ti 1963 yà sọ́tọ̀ fún gbogbo àmì. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì rí àyè níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìlànà Unicode, èyí tí ó fẹ́ fún gbogbo àmì ìkọ̀wé ayé ní nọ́ńbà, jáde ní 1991. Lónìí ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè pọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti kó o jọ ni. Ẹnì kan lè mú ẹ kí ó fi ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè mú e lásán, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i kí ó tó fi ohùn lé e. Ẹnì kẹta a mú é, a sì wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi ìlà kékeré dípò àmì tó-ń-tò sí abẹ́ lẹ́tà. Lójú ènìyàn, nǹkan kan náà ni mẹ́ta àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ìtòtẹ̀léra mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn onílànà Unicode ti ṣe ọ̀nà ìsọdọ̀kan tí ó lè pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí olùkọ ètò bá rántí lò ó. Ti ìlà kékeré kò sí nínú ìsọdọ̀kan náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún àwọn aládùúgbò wa ní Gagi. Lẹ́tà oníkọ̀ọ́ ti Haúsá, ɓ, ɗ àti ƙ, ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bátànì kì í sì í já wọn sí méjì. Síbẹ̀ wọn kò bọ́ tán. Òmìnira tí ará Gagi kọ ní ’yanci, ará ìkejì ibodè ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r yóò kọ ọ́ ní ƴanci. Àkọtọ́ ni ó fa èyí, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Àwa ni ẹ̀rọ àti àkọtọ́ jọ bá jà. Nínú èdè Python, àmì \w dúró fún lẹ́tà tàbí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò ka àmì ohùn tí a fi léni mọ́ ọn. Bí a bá fi wá ọ̀rọ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń jẹ́ “ọ̀rọ̀” yóò já sí “ọ” àti “rọ”. Perl kò ṣe bẹ́ẹ̀; ó ka àmì náà mọ́ ara ọ̀rọ̀. Àwọn kan a ní kí a ṣá bọ́ gbogbo àmì dànù kí a tó wá ohunkóhun. Ìmọ̀ràn yìí kò bá mi lára mu: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko yóò di ohun kan náà, ẹni tí ń wá ìtàn ogun yóò sì máa ka ìtàn àgbẹ̀.

Àkọtọ́ ní tirẹ̀ ti yí padà lójú wa. Ìpàdé tí ó wáyé ní Èkó ní 1875 fi ìdí ìkọ̀wé tí ìjọ CMS ń lò múlẹ̀. Iṣẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1965 àti ti àwọn ìgbìmọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó yọrí sí àkọtọ́ 1974. “Enia” àtijọ́ ti di “ènìyàn”, “Offa” ti di “Ọ̀fà”. Ẹni tí ó bá fi àkọtọ́ òde òní wá inú ìwé àtijọ́ yóò bá òfo. Bátànì lè ṣe é, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá mọ ìtàn àkọtọ́: en(ia|iyan) ń kó ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí tí a kò fi àmì sí pọ̀. Olùkọ ètò kò lè ti inú ìwé ìlò Python mọ èyí.

Bátànì Àsìkò

Ọ̀rọ̀ bátànì tún gba ọ̀nà mìíràn wọ inú iṣẹ́ yìí. Christopher Alexander, ayàwòrán ilé, tẹ ìwé jáde ní 1977 lórí àwọn ìṣòro tí ń padà wá nínú ilé kíkọ́ àti irú ojútùú tí ó máa ń bá wọn mu. Kent Beck àti Ward Cunningham mú èrò náà wọ inú ètò kọ̀ǹpútà ní 1987. Ní 1994, Gamma, Helm, Johnson àti Vlissides tẹ àkójọ 23 jáde. Bátànì ti wá di ìhun ètò fúnra rẹ̀.

Nínú irú bátànì yìí, èyí tí ó le jù láti kà ni ti iṣẹ́ tí kì í dúró de ara wọn. Obìnrin tí ó gbé ẹ̀wà kaná kì í dúró tì í títí yóò fi jinná. Ata ni yóò lọ lọ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò gbọdọ̀ jókòó lásán bí ó bá ń retí ìsọfúnni láti ọ̀nà jíjìn. Melvin Conway ti ṣàlàyé ní 1963 bí ètò méjì ṣe lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Daniel Friedman àti David Wise lo ọ̀rọ̀ náà ìlérí ní 1976 fún iye tí kò tíì dé. Barbara Liskov àti Liuba Shrira mú un gbòòrò ní 1988. Olùkọ ètò gba ìlérí dípò ìdáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìnira ibẹ̀ ni pé ìtò inú ìwé kò bá ìtò àsìkò mu mọ́. Èdè wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú “Bọ́lá ra ẹja sè jẹ”, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tò bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tò. Ètò tí a kọ ní “bí èyí bá dé, ṣe tọ̀hún” sínú “bí tọ̀hún bá dé, ṣe èyí” a máa da òye òǹkàwé rú. Async àti await, tí ó wọ C# ní 2012, Python ní 2015 àti JavaScript ní 2017, ni ó dá ìtò náà padà: a kọ iṣẹ́ ní ìtẹ̀léra, a sì sàmì sí ibi tí ìdúró wà.

Bátànì méjèèjì sábà máa ń pàdé nínú ètò kan náà. Ẹ jẹ́ kí a ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ wá “ènìyàn” nínú ẹgbẹ̀rún ojú-ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a ti tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Apá tí ń retí yóò béèrè fún ojú-ewé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ì bá gba wákàtí a parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èsì a sì jáde pé ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀, nígbà tí “enia” kún inú ojú-ewé náà fọ́fọ́.