Ọjọ́ Kọ́ La Ṣaláìní

 

Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tàbí igi gbíngbìn bá délẹ̀, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ọjọ́ wo ló máa jẹ́?" Ẹnìkan á ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹlòmíì á ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún àyíká láti ọdún 1972. Kò burú. Àmọ́ tá a bá wẹ̀yìn wò, ọjọ́ kọ́ la ṣaláìní. Ó ti pẹ́ tá a ti ń dá ọjọ́ nílẹ̀ yìí. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: kí ló ń mú kí àṣà kan dúró lẹ́yìn tí ẹni tó ń fipá múni ṣe é bá ti lọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí wolé-wolé. Láàárín ọdún 1924 sí 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà l'Ékòó. Dókítà Isaac Ládiípọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tó gbógun tì í, òun náà ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yaba, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́. Wọ́n á wọlé onílé, wọ́n á yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé àti ṣáláńgá. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ilé ẹjọ́ yá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè: ìgbà wo gan-an ni wọ́n máa ń da omi ìkòkò nù? Ọ̀pọ̀ á sọ fún yín pé ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò ni.

Lẹ́yìn náà ni ti àwọn sójà. Wọ́n gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta 1984, Ọ̀gágun Tunde Idiagbon kéde ètò tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI, wọ́n sì fi ìmọ́tótó àyíká kún un lẹ́yìn náà. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù di ọjọ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀: láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn. Ìjọba náà ṣubú lóṣù Kẹjọ 1985, àmọ́ Sátidé kò kú, àwọn ìpínlẹ̀ ń bá a lọ. Kí la wá rí? Wákàtí mẹ́ta la fi ń gbálẹ̀, ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la fi ń da pàǹtí síbẹ̀ padà. Láwọn ìlú ńlá, àwọn ọmọkùnrin sọ títì tó dá di pápá bọ́ọ̀lù. L'Ékòó, ilé ẹjọ́ sọ lóṣù Kẹta 2015 pé ìjọba ò láṣẹ láti sé èèyàn mọ́lé nítorí ìyẹn. Lóṣù Kọkànlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòpin sí i. Títì tí wọ́n dí ló gbé ìgbálẹ̀ ró. Bí títì ṣe ṣí, ìgbálẹ̀ sùn.

Ẹ wá wo èyí tí ọlọ́pàá kankan ò ṣọ́. Lọ́dún 1796, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Mungo Park, dé ilẹ̀ Bambara, ní orílẹ̀-èdè tá à ń pè ní Mali lónìí. Ó ṣàkọsílẹ̀ pé tí wọ́n bá ń ṣán igbó láti dáko, gbogbo igi ni wọ́n ń gé, àfi igi òrí. Ilẹ̀ ọ̀dàn yẹn náà ló nà dé ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, àwọn bàbá wa náà sì máa ń dá igi òrí àti igi irú sí lóko. Kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ igi fún wọn. Àwọn ìyá ń fi òrí pawó, irú ń wọ ọbẹ̀, òjìji igi sì ń bo ẹni tó ń roko lọ́sàn-án.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé ẹ̀kọ. Wọ́n á jẹ ẹ̀kọ tán, wọ́n á ju ewé sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á dé ààtàn, á jẹrà, á di ajílẹ̀.

Àmọ́ ká má tan ara wa jẹ. Àwọn bàbá wa ò ṣèpàdé lórí àyíká. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n lò, ohun tó ń jẹrà sì ni. Àwọn àgbà ní bá a gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn là ń darí ẹ̀ sí. Àwa náà ṣì ń darí ẹ̀ síbẹ̀. Àṣà ò yí padà, ẹrù ló yí padà. Ọ̀rá ti gbapò ewé, píọ̀ wọ́tà ti gbòde, ọ̀rá kì í sì í jẹrà. Òjò á wọ́ ọ láti ààtàn lọ sínú odò. Ewúrẹ́ tó bá gbé e mì, kì í dà nínú ẹ̀. Igi òrí náà ńkọ́? Ó lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, àmọ́ owó èédú kì í pẹ́ rárá. Ẹni tó ń sun èédú kì í ṣe ọ̀dájú o, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lè jẹ́ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n àǹfààní tó ń ṣọ́ igi yẹn tẹ́lẹ̀, owó èédú ti borí ẹ̀.

Ní Kenya, Wangari Maathai dá Green Belt Movement sílẹ̀ lọ́dún 1977. Wọ́n ń fún àwọn obìnrin lówó díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lórí igi tí wọ́n gbìn, bí kò ṣe lórí èyí tó yè. Nígbà tí ìyá yìí fi máa gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2004, igi tí wọ́n ti gbìn ti lé ní 30 mílíọ̀nù.

Ohun tí mò ń dá lábàá fún Ìràwọ̀ ò pọ̀. Àkọ́kọ́, ká ní àpò kan lẹ́yìnkùlé fún ọ̀rá àti ike, ká fi ààtàn sílẹ̀ fún èèpo, eérú àti ewé. Kí ẹgbẹ́ wa wá ibi tí àwọn àpò náà máa gbẹ̀yìn sí, tó jìnnà sódò. Èkejì, ẹ jẹ́ ká máa gbé abọ́ tàbí àpò tiwa lọ sọ́jà. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ewé sílẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwa oníbàárà láti fi hàn pé ewé la fẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ bá àwọn ìyá tó ń ṣe òrí jókòó, ká wo bí òrí ṣe lè mówó wọlé débi tí igi ẹ̀ á fi níye lórí lóòró ju nínú àpò èédú lọ.

Igi tá a bá sì gbìn, kí agbo ilé kan ni ín. Kí wọ́n ro ìdí ẹ̀ yí ká kí ọyẹ́ tó dé, nítorí iná ìgbẹ́. Ká má ka igi lóṣù Keje tí òjò ń ràn án lọ́wọ́. Oṣù Kẹta ni ká kà á, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dán an wò tán.

Torí náà, nípàdé tó ń bọ̀, tẹ́nì kan bá béèrè pé ọjọ́ wo ni, ẹ bá mi bi í padà pé: ta ló ni ín, ta ló sì máa kà á lóṣù Kẹta?

Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́